Ẹ̀wà Tí Mo Tún Gbìn

Ní ọdún kejì mi ní ilé-ìwé gíga ní Ayétòrò, ìyá mi ṣàìsàn. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo sì ń lọ tọ́jú wọn ní Ìjoun. Kí ara wọn tó yá, GP mi, ìyẹn àpapọ̀ máàkì mi, ti já wálẹ̀ débi pé ipò kẹta ni mo máa bá jáde.

Nígbà tó ku ọdún kan, mo lọ bi olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi bóyá ó ṣì lè gòkè.

"Ó lè gòkè," ni wọ́n wí. "Iṣẹ́ ìwádìí yìí ló ní máàkì jù nínú ohun tó kù. Ṣe é dáadáa, wàá bọ́ sí ipò kejì."

Mo gbin ẹ̀wà sí oko ilé-ìwé. Mo fi ìgbẹ́ adìyẹ sí àwọn ebè kan, mi ò fi sí àwọn yòókù, kí n lè mọ ìyàtọ̀. Àràárọ̀ ni mò ń lọ wò wọ́n, tí mo sì ń kọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà sínú ìwé. Wọ́n ti ń yọ òdòdó nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo bá àwọn ewúrẹ́ láàárín ebè. Wọ́n ti jẹ ẹ̀wà mi kan ìdí. Mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, mi ò tilẹ̀ lé wọn.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ní, "Fi orí ro èyí tó kù, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló fẹ́ lọ yẹ ikùn ewúrẹ́ wò?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo jókòó, mo sì hùmọ̀ àwọn iye kan. Wọ́n dára, wọ́n tilẹ̀ dára ju ti òótọ́ lọ. Ẹ̀rù bà mí, mo fa ìwé náà ya.

Mo lọ sọ ohun tí àwọn ewúrẹ́ ṣe fún olùkọ́ mi. Wọ́n ní, "Kọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, wàá yege, àmọ́ máàkì rẹ ò ní pọ̀. Tàbí kí o tún un gbìn, kí o má sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ jáde."

"Mo máa tún un gbìn, sà."

Ó rọrùn lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi wọ aṣọ ìgboyè tí wọ́n ń ya fọ́tò lẹ́nu géètì, èmi ń gbé omi kọjá lọ sóko. Ọ̀rẹ́ mi fà mí wọ inú fọ́tò náà tòun ti korobá omi lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Nígbà tí mo dé oko, mo sunkún.

Lẹ́yìn ìkórè, mo dúró níwájú àwọn olùkọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bi mí ni mo ti fojú rí, mo sì dá wọn lóhùn. Èsì jáde: mo bọ́ sí ipò kejì, díẹ̀ báyìí ni máàkì mi fi kọjá ààlà.

Mi ò lè sọ pé òun ló fún mi ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí. Àwọn tó gbà mí síṣẹ́ ò tilẹ̀ bi mí ní ipò tí mo bá jáde. Síbẹ̀, inú mi máa ń dùn sí i, ìdùnnú kan tí mi ò tíì rí bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn.