Wọ́n Ní Ọrùn Mi Náà Ti Darúgbó

Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti kú, kò sí ohun tó ṣe mí tí wọn ò sọ pé ọ̀fọ̀ ni. Mo wọ súwẹ́tà nínú oòrùn ọ̀sán ní Sábó ní Ṣàgámù níbí, ọ̀fọ̀ ni. Oorun gbé mi lọ nídìí apẹ̀rẹ̀, kòkòrò wọ obì tó yẹ kí n ti tú yẹ̀ wò, ọ̀fọ̀ náà ni. Oníbàárà mi tó ń ti Kánò wá bú sẹ́rìn-ín: "Alájì, ṣé ọyẹ́ tiwa ló tẹ̀ lé mi wá mú yín ni?"

Àkọ́bí mi ọkùnrin ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Èkó. Èmi tí mo ṣì rántí orúkọ gbogbo ẹni tó wá kí wa nígbà tí a sin ìyá rẹ̀, títí kan àwọn ará Ìsarà tí òjò ká mọ́ ẹ̀yìnkùlé! Mo ní kó mú mi lọ sí ọsibítù ná. Bí wọ́n bá rí àìsàn, wọ́n á fún mi lóògùn, màá padà sídìí obì mi.

Dókítà obìnrin kan fọwọ́ tẹ iwájú ọrùn mi, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ sáwọn ẹlòmíì. Ó ní nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ kí ara gbóná kó sì yá, táírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tó yá, wọ́n tún gbà á.

"Bàbá, ó ti ń lọ́ra díẹ̀. Bó ṣe máa ń rí lára àwọn bàbá tó ti dàgbà náà nìyẹn. Kò tíì gba oògùn."

"Òtútù tó ń mú mi ńkọ́?"

"Oògùn yẹn lè da ọkàn yín láàmú. Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó."

Inú bí mi. Àìsàn ò sí, oògùn ò sí, òtútù wà!

Nínú mọ́tò, ọmọ mi ní, "Ẹ ò rí i, Bàbá? Ọjọ́ orí ni. Ẹ jẹ́ ká lọ palẹ̀ ẹrù mọ́."

"Bó bá jẹ́ ọjọ́ orí ni, tí mo bá ń lọ sí Èkó, ṣé ó máa dúró dè mí ní Ṣàgámù ni?"

Mo ní kó já mi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo tú apẹ̀rẹ̀ kan, mo ń ṣa obì níkọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí èmi àti ìyá rẹ̀ máa ń parí kí wọ́n tó pe ìrun Àìlà, wọ́n ti pe Àlàásárì kí n tó ṣe é tán. Ó jókòó, ó ń wò mí, kò sọ̀rọ̀ ẹrù mọ́ títí ó fi lọ.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì sọ fún mi ohun tí mo máa fi òtútù yìí ṣe.