Ọ̀gá Wa Tó Gé Alajue sí Méjì

Nígbà tí àwọn ológun ń ṣe ìjọba, tí ìlú le koko, olùkọ́ ni mo jẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ẹdẹ. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á rò pé a ní kọ̀ǹpútà. Díẹ̀ tí a ní, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti kú, iná kì í sì í sí fún èyí tó yè. Bébà wọ́n débi pé ojú pátákó la ń kọ ìbéèrè ìdánwò sí.

Ọ̀gá ẹ̀ka wa ti lọ kọ́ṣẹ́ nílùú òyìnbó rí. Kò pẹ́ níbẹ̀ rárá, àmọ́ ohùn imú tó gbé bọ̀ kò fi í sílẹ̀ mọ́. Ó kó ètò kan dé tí òun fúnra rẹ̀ kọ: tí o bá fún un ní iṣẹ́ rẹ, á bá ọ tò ó lẹ́sẹẹsẹ kó lè rọrùn láti kà. Ohun tó dára ni, torí iṣẹ́ àwọn ọmọ wa a máa rí bí irun tí wọn kò yà láti oṣù tó kọjá. Ibi tó ti bàjẹ́ ni òfin tí ọ̀gá fi ń gé ìlà.

Nínú ètò tí a ń kọ, a máa ń to nǹkan sínú àkámọ́, a ó fi kọ́mà pín wọn; àkójọ nìyẹn. Àkójọ sì lè wà nínú àkójọ: ìlú nínú ìjọba ìbílẹ̀, àdúgbò nínú ìlú, agboolé nínú àdúgbò. Òfin ọ̀gá ni pé àkámọ́ yòówù tó bá ṣí gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìlà tuntun, kí ohun kọ̀ọ̀kan dá ìlà tirẹ̀ ní, kí àkámọ́ tó ń pa dé náà dá dúró. Ì báà jẹ́ ohun méjì péré ló wà níbẹ̀. Bí àkójọ bá ṣe ń wọnú ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìlà á máa sún sápá ọ̀tún. Tó bá sún títí tó kan etí bébà, kí ẹ̀rọ gé ọ̀rọ̀ níbi tó bá dé, kí ìyókù bọ́ sísàlẹ̀.

Iṣẹ́ tí ojú bébà kan ì bá gbà á wá di ìdìpọ̀. Apá òsì á ṣófo bí oko tí eéṣú jẹ, gbogbo ọ̀rọ̀ á lọ há mọ́ etí ọ̀tún bí èrò tó sá fún òjò sábẹ́ òrùlé kékeré.

Obìnrin kan wà tí a jọ ń kọ́ni, ọmọ Ẹdẹ gan-an, tó mọ iṣẹ́ náà ju èmi àti ọ̀gá lọ, kò sì díbọ́n pé òun kò mọ̀. Ó bá ọ̀gá sọ ọ́ nípàdé. Ó ní tí àkójọ bá gba ojú ìlà kan, ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí kò bá gbà á, ká gé ti òde nìkan, ká wo ti inú bóyá yóò gba ìlà. Èyí tí kò bá gbà nìkan ni ká tún gé. Ó ní orúkọ ní tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé e, torí orúkọ tí a bá gé kì í ṣe orúkọ náà mọ́.

Ọ̀gá wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó wọ bàtà òdì. "Òfin tó ń wò ó bóyá," ló wí, "ṣé òfin nìyẹn?"

"Òfin tó ń ronú ni, sà."

Ó ní kó jókòó.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n rán iṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ wa pé ká fi kọ̀ǹpútà to gbogbo abúlé àgbẹ̀ tó wà lágbègbè wa, kí ìjọba lè fún wọn ní ajílẹ̀. Èmi àti obìnrin yìí la kọ ètò náà, a to orúkọ àwọn abúlé sínú rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀gá ṣọ́jà kan fẹ́ wá wò ó. Kí àlejò tó dé, ọ̀gá wa mú ètò tí a kọ, ó ki í bọ inú ètò tirẹ̀, ó ní kó lè dùn ún wò.

Nígbà tí ṣọ́jà dé, ètò kọ̀ jálẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Àwọn orúkọ ti gé sí wẹ́wẹ́, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ wọ́n mọ́. Ojú kò ti ọ̀gá. Ó ní ká tẹ ètò náà fúnra rẹ̀ jáde sórí bébà bó ṣe wà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ké, jẹnẹrétọ̀ ń ké, gbogbo bébà tó yẹ ká lò títí sáà á fi parí wọ ibẹ̀ lọ. Ọ̀gá ṣọ́jà gbé ìdìpọ̀ náà lọ́wọ́, ó gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀, bí ẹni tó ń ra iṣu.

"Iṣẹ́ tó wúwo nìyí," ló sọ.

Kò ṣí i. Ó fọwọ́ sí i lókè, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ajílẹ̀. Ọ̀gá wa tẹrí ba.

Níbi tí wọ́n ti ń pín ajílẹ̀, akọ̀wé ibẹ̀ ń fi ìka wá orúkọ nínú ìdìpọ̀. Àwọn ará abúlé Ara kò ní wàhálà. Orúkọ kúkúrú ni tiwọn, etí bébà gbà á. Nígbà tó kan abúlé Alajue, "Ala" wà ní ìlà kan, "jue" wà nísàlẹ̀ rẹ̀, akọ̀wé sì sọ pé òun kò rí abúlé kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Bàbá àgbàlagbà kan nínú wọn tọ̀ wá wá nílé-ẹ̀kọ́, ó jókòó, kò bínú rárá. "Ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí, "wọ́n ní a kò sí."

Obìnrin tí a jọ ń kọ́ni dìde, ó tẹ àkójọ náà jáde lọ́nà tirẹ̀, bébà díẹ̀ ló gbà, Alajue dúró níbẹ̀ lódindi. Akọ̀wé ilé ajílẹ̀ kò gbà á. Ó ní ó fẹ́lẹ́ jù, kò sì ní òǹtẹ̀. Obìnrin náà gbé e padà wá bá ọ̀gá, ó kúnlẹ̀, ó ní àfikún sí iṣẹ́ ńlá tí ọ̀gá ṣe ni. Ọ̀gá lu òǹtẹ̀ sí i láìka ohun tó wà níbẹ̀, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ báyìí.

Àwọn ará Alajue gba ajílẹ̀ wọn, àmọ́ àgbàdo ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ kó tó dé. Bàbá yẹn ní kò burú, àwọn á tọ́jú rẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀.

Ní ti ọ̀gá, wọ́n gbé e ga. Wọ́n ní kó lọ máa kọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù bí wọ́n ṣe ń to iṣẹ́, a sì ṣe ìdágbére fún un, a fún un lóhun mímu, ó fi ohùn imú bá wa sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ fi tutù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin náà pa ètò ọ̀gá rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà, ó fi tirẹ̀ rọ́pò. Àwọn ọmọ kò tilẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n kàn ń ka iṣẹ́ ara wọn ni, wọ́n sì ń lóye rẹ̀.