Ohùn Mi Ń Pe Alhaja Nínú Kùrukùru

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti ń béèrè ìdí tí mo fi yí ọ̀nà ìrìn wa padà, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí. Mo ti kọ ọ́ rí, mo tún pa á rẹ́. Lónìí, mo ní kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá gbà á gbọ́, ó dáa. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kò sí ìjà.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Níkẹ̀ẹ́ ni orúkọ mi. Kóòṣì Níkẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń pè mí ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn èèyàn ní eré ìdárayá. Mo ní jíìmù kékeré kan, ṣùgbọ́n ilé àwọn kọ́sítọ́mà ni mo ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ báyìí, mo ti ká máàtì mi, mo ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà. Màmá kan fẹ́ kí ikùn òun wọlé kí ìgbéyàwó ọmọ òun tó dé. Bàbá kan, ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Ọ̀gá báńkì kan fẹ́ kí iṣan apá òun yọ síta, ṣùgbọ́n kò lè fi búrẹ́dì sílẹ̀! Gbogbo wọn ni mo ń bá fà á.

Ohùn ni mo fi ń jẹun. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Ẹni tó bá ti bá mi ṣe eré ìdárayá rí ti mọ igbe mi: "Ó kù díẹ̀! Ẹ má dúró! Ó kù díẹ̀!" Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń ṣàn wọ ojú, gbólóhùn yẹn ni mo fi ń tì wọ́n síwájú. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń sín mi jẹ bí wọ́n bá rí mi lójú títì.

Alhaja Mọ́rìnátù wà lára àwọn tí mo fẹ́ràn jù. Aṣọ ni wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí dókítà sọ fún wọn pé ṣúgà wọn ti ga, tó ní kí wọ́n máa rìn, ọmọ wọn obìnrin ló wá mi kàn. Níbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá rìn láti ẹnu géètì dé ìdí máńgòrò wọn, wọ́n á ní kí n gbé àga wá. Ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́ bí mo bá ní nígbà tó yá, èmi ni mo ń sáré tẹ̀lé wọn? Hìjáàbù funfun, bàtà kámbáàsì funfun, wọ́n á máa sáré lọ bí ọmọ iléèwé tí aago ti lù fún!

Ètò ńlá kan wà lọ́kàn mi lásìkò yẹn. Mo fẹ́ kó gbogbo àwọn kọ́sítọ́mà mi jọ fún ìrìn ìlera, láti Odogbolu dé Ayépé. Kì í ṣe ojú títì o, ọ̀nà oko àtijọ́ kan ni, kí ọkọ̀ má baà máa lé wa kiri. Mo sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù, kí àwọn tó wà lọ́nà jíjìn lè máa gbọ́ mi bí wọ́n bá ń ṣe eré ìdárayá nínú yàrá wọn.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ yẹ ọ̀nà oko yẹn wò fúnra mi. Ni Alhaja bá gbọ́, wọ́n ní àwọn ń bá mi lọ. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, ọ̀nà náà jìn. Wọ́n ní, "Bí ẹsẹ̀ arúgbó bíi tèmi bá débẹ̀, ẹsẹ̀ ta ni kò ní débẹ̀?" Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Àsìkò ọyẹ́ ni. Nígbà tí a páàkì mọ́tò wọn sí Odogbolu, oòrùn ti yọ, ṣùgbọ́n kò ràn. Ṣe ló funfun lójú ọ̀run bí ojú ẹja tí wọ́n ti sè. Alhaja fi fóònù wọn sínú mọ́tò, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da àwọn láàmú. Tèmi wà nínú àpò mi, mo ti pa á. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó máa sọ pé fóònù ló ń sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ yín!

Ọ̀nà náà dára níbẹ̀rẹ̀. Oko pákí lọ́tùn-ún, igi obì lósì. A ń rìn, a ń ṣàwàdà. Alhaja ń sọ bí wọ́n ṣe máa ń bá ìyá wọn ru obì gba irú ọ̀nà báyìí lọ sọ́jà. Nígbà tí a dé ibi tí ọparun ti pọ̀, kùrukùru ṣú dẹ̀ẹ̀. Ó nípọn débi pé mi ò rí orí igi mọ́. Òtútù náà wá yàtọ̀ sí ti ọyẹ́. Ti ọyẹ́ máa ń gbẹ ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Èyí rin, bí ìgbà tí èèyàn bá ń mí síni lọ́rùn.

Òkúta kékeré kan wọ bàtà mi. Mo ní kí Alhaja máa lọ díẹ̀díẹ̀, pé mò ń bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo yọ òkúta náà, mo so okùn bàtà mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, mi ò rí wọn mọ́.

Ẹ̀rù ò tíì bà mí. Mo fẹ́ la ẹnu kí n pè wọ́n. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ọ níwájú:

"Ó kù díẹ̀! Ẹ má dúró!"

Ohùn mi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kí n ṣàlàyé. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí èèyàn bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tí wọ́n ká sórí fóònù, kì í jọ tiẹ̀ létí ara rẹ̀? Ó máa ń tinrín bí ohùn ẹlòmíì. Eléyìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn tí mò ń gbọ́ nínú orí ara mi bí mo bá ń sọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí àyàfi èmi, òun gan-an ló ń ti iwájú bọ̀. Mo fọwọ́ kan ẹnu mi. Ẹnu mi wà ní pípadé.

Ni mo bá gbọ́ Alhaja. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Mò ń bọ̀ o, Níkẹ̀ẹ́! Máa rọra, ìwọ ọmọ yìí, kí ló ń lé ọ?"

Ọwọ́ òsì ni ohùn wọn ti wá. Wọ́n ti yà kúrò lójú ọ̀nà! Mo figbe ta. Mo ní, "Alhaja! Ẹ dúró! Ẹ̀yìn yín ni mo wà!" Bí mo ṣe ní "ẹ dúró", ohùn iwájú gbà á lẹ́nu mi wéré: "Ẹ má dúró!" Alhaja dáhùn pé àwọn ti gbọ́. Mo tún kígbe, ó tún kígbe. Ẹsẹ̀ Alhaja wá ń yá sí i.

Ìgbà yẹn lara mi bù máṣọ. Létí Alhaja, ohùn kan ṣoṣo ni. Gbogbo igbe tí mò ń ké, ṣe ni mò ń bá nǹkan yẹn pè wọ́n lọ.

Mo pa ẹnu mọ́. Mo sá eré.

Mo ti ń sá eré láti kékeré, mi ò sá irú eré yẹn rí. Mo gba inú igbó kọjá, igi ń na ojú mi, ẹ̀gún fa apá mi ya. Mi ò rí ibi tí mò ń gbẹ́sẹ̀ lé. Ìró kámbáàsì wọn lórí ewé gbígbẹ ni mò ń tẹ̀ lé, òun náà ń jìnnà sí mi. Lójijì, igi tán, mo rí hìjáàbù funfun. Pápá kan tẹ́jú sílẹ̀ níwájú wọn, ó ń dán, ó tutù yọ̀yọ̀. Alhaja ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ mi ba hìjáàbù wọn. Mo fà á, àwa méjèèjì ṣubú sẹ́yìn gbì! Òkìtì yẹ̀pẹ̀ tí ẹsẹ̀ wa ṣí nídìí yí lọ síwájú. Ó já lu pápá náà, pápá náà là sí méjì, omi dúdú yọjú. Ewéko náà rọra padà wá, ó bò ó lójú bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe pápá, ẹ̀yin èèyàn mi. Kòtò ńlá tí àwọn oní-típà ti wa yẹ̀pẹ̀ rí ni. Wọ́n fi í sílẹ̀, omi òjò kún un, ewéko bò ó. Ẹni tó bá bọ́ síbẹ̀, ta ló máa mọ̀?

Alhaja yíjú sí mi. Wọ́n fọwọ́ pa ojú mi bí afọ́jú.

"Níkẹ̀ẹ́? Ìwọ lo wà lẹ́yìn mi?"

"Èmi ni, mà."

"Ta wá ni mò ń tẹ̀ lé?"

A jókòó sórí yẹ̀pẹ̀ yẹn, a di ara wa mú. Ibẹ̀ la wà tí a tún fi gbọ́ ọ. Àárín omi ló ti wá. Kò pariwo mọ́. Ó rọ̀ jẹ́jẹ́, bí mo ṣe máa ń bá àgbàlagbà tó ti rẹ̀ sọ̀rọ̀:

"Ó kù díẹ̀."

Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í ké Aúsù bílláì. Èmi tí mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àmín ni mò ń ṣe lọ́kàn mi! Mo fẹ́ pe orúkọ Jésù síta, Alhaja fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Wọ́n ní, "Má sọ̀rọ̀. Má jẹ́ kó tún gbọ́ ohùn rẹ." Bí a ṣe fi ìdí wọ́ kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Mi ò sọ gbólóhùn kan títí a fi padà sójú ọ̀nà.

A pàdé bàbá kan tó fi máṣínnì kó pákí. Alhaja ló ṣàlàyé fún un. Mo rò pé ó máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kírun àsùbáà tán tí òun wọ oko lòun ti ń gbọ́ obìnrin kan tó ń gba àwọn èèyàn níyànjú nínú kùrukùru, òun ṣe bí àwọn elétò ìlera ni. Lásìkò yẹn, a ò tíì kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde! Bàbá náà wá wò mí, ó béèrè pé ṣé èmi kọ́ ni. Mo mi orí pé èmi kọ́. Ó yí máṣínnì rẹ̀ padà, ó ní òun á tẹ̀ lé wa dé títì.

Ọmọ Alhaja gbọ́, inú bí i. Ó ní gbohùngbohùn ni, pé kùrukùru máa ń gbé ohùn kiri. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé gbohùngbohùn máa ń ṣáájú ẹni sọ̀rọ̀ ni?

Nígbà tí kùrukùru ti kásẹ̀ nílẹ̀, èmi àti àwọn géńdé kan láti Odogbolu padà lọ lọ́sàn-án gangan. A fi ọparun ṣọgbà yí kòtò náà ká, a so aṣọ pupa mọ́ ọn. Mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi ṣe é tán. Wọ́n rò pé mò ń ṣe fáàrí ni.

Ìrìn ìlera wa ṣì ń bọ̀ o, àmọ́ àárín ìlú la máa gbà. Ohùn tí mo ti ká sílẹ̀, mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Fídíò ni mò ń ṣe báyìí.

Nígbà tí mo padà sí jíìmù, àwọn obìnrin dọ̀bálẹ̀ lórí ìgúnpá, ara wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń retí igbe mi. Ọ̀kan ní, "Kóòṣì, ẹ tì wá jàre!" Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ò jáde. Ni mo bá dọ̀bálẹ̀ síwájú wọn, ojú mi kojú wọn, mo sì ń bá wọn ṣe é, ara tèmi náà ń gbọ̀n. Alhaja wà lórí àga nígun yàrá, wọ́n ń na ẹsẹ̀. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá ní, "Báyìí ló dáa. Mò ń rí ẹnu rẹ."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń sọ fún wa pé ká má dúró ló fẹ́ ká gúnlẹ̀. Kóòṣì ni o, pásítọ̀ ni o, àfáà ni o, ọ̀rẹ́ ni o, ẹ kọ́kọ́ rí ojú ẹni tó ń pè yín kí ẹ tó mú ọ̀nà pọ̀n. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ dúró. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn ẹni tí kò sí níbẹ̀? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ níbí, mo máa ka gbogbo rẹ̀. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ ni o. Ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ sí mi.