Ibi Tí Kọ́lápọ̀ Ti Ń Dúró Lórí Àtẹ̀gùn

Bí ẹ bá fẹ́ rí òjòwú, ẹ wá sílé wa ní Èbúté Mẹ́ta, kí ẹ béèrè Shakirat, aránṣọ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò ní orogún, ló bá sọ fóònù ọkọ rẹ̀ di orogún.

Kọ́lápọ̀ ọkọ rẹ̀, tó ń tún rédíétọ̀ mọ́tò ṣe ní Mushin, ni wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún ní Íńdíà. Ọkàn ẹni tó ti kú ló wà láyà rẹ̀ báyìí. Gbogbo wa dúpẹ́. Àmọ́ nọ́ọ̀sì kan wà ní ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Yábàá, Christabel, tó máa ń pè é láràárọ̀: ṣé ó ti lo oògùn? Ṣé iyọ̀ ọbẹ̀ kò pọ̀ jù? Inú ń bí Shakirat gidi: ọbẹ̀ ta ló ń bá wí? Ìgbà tí Christabel tún wá ní kó wá kí dókítà yẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn náà wò, bí nǹkan kan ò tiẹ̀ dùn ún, Shakirat pòṣé. Àìsàn wo ni kì í dunni? Ó búlọ́ọ̀kù nọ́ńbà nọ́ọ̀sì lórí fóònù ọkọ, ó sì purọ́ fún Kọ́lápọ̀ pé wọ́n ti sún ọjọ́ àyẹ̀wò náà síwájú.

Kò pẹ́ tó fi ṣàkíyèsí pé Kọ́lápọ̀ máa ń dúró láàárín àtẹ̀gùn bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Christabel ló ń fi nọ́ńbà mìíràn bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí ló tún kù? Ó bọ́ bàtà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rọra yọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti ká a mọ́ ọn.

Kò sí fóònù lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó fara ti ògiri, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì ń sọ pé kò síbi tó ń dun òun.

Shakirat fúnra rẹ̀ ló pe Christabel.

Dókítà ní iṣan ọkàn náà ti ń nípọn, ó ti ń há. Ó ní yàtọ̀ sí pé ara ń bá ọkàn àlejò jà, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí náà lè máa ba iṣan jẹ́ láti inú, bó ṣe ń mú kí rédíétọ̀ dógùn-ún. Bẹ́ẹ̀, ọkàn tí a pààrọ̀ kì í sábà dunni, torí wọ́n ti gé okùn tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Ó pààrọ̀ oògùn, ó ní ó ṣì ṣeé dá dúró.

Christabel béèrè bí Kọ́lápọ̀ ṣe mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun.

"Kò mọ nǹkan kan," ni Shakirat wí. "Èmi tí mò ń ṣọ́ ọ ni mo mọ̀."

"Ẹ má jáwọ́ o, Àǹtí. Ọkàn yẹn ò lè ké. Ẹ̀yin lẹ máa bá a ké."

Shakirat wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní òun ò ní jáwọ́. Àmọ́ láti òní lọ, òun ni kó máa pè láràárọ̀.