Ẹja Tí Kò Ní Àgbọ̀n

Èéfín igi ló máa ń gba imú wa láàárọ̀ nígbà tí mo ṣì ń yan ẹja ní Agboyi. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ló máa ń bá mi ká ẹja àrọ̀ kó tó lọ sílé ìwé: a ó ki ìrù ẹja bọ̀ ọ́ lẹ́nu, a ó fi igi tín-ín-rín gún un kó má bàa tú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní àwọn fẹ́ ṣe ìdánwò, tíṣà ní kí àwọn múra láti sọ ìyàtọ̀ òkété àti ẹja kan tí kò ní àgbọ̀n.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ẹja wo ni kò ní àgbọ̀n? Ṣé etí la máa wá ki ìrù ẹ̀ bọ̀?"

"Màmá, ó wà nínú ìwé."

"Ẹni tó kọ ìwé yẹn ò yan ẹja rí. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni."

Ọmọ náà gbọ́ tèmi, ó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, títí dórí kíki ìrù bọ ẹnu, wọ́n fún un ní òdo. Wọ́n ní bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, àfi kó kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, òun tó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ló ń sọ láti kékeré.

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi, mo gun kẹ̀kẹ́ dé ilé ìwé wọn ní Kétu, ìjà ti kún mi lẹ́nu. Tíṣà náà kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. Ó kí mi tìtẹríba, ó fi fóònù hàn mí: ẹja gbọọrọ bí ejò, ẹnu rẹ̀ rí roboto, eyín yí i po.

"Màmá, kò ní àgbọ̀n, ẹnu yìí ò lè pa dé. Ara ẹja míì ló máa ń lẹ̀ mọ́, táá máa fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mu. Kò sí lódò tiwa níbí."

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Èmi àgbà ni mo wá di ọmọ yẹn.

Mo ní, "Áńtí, ẹ má bínú. Ọwọ́ ọmọ ló kọ ọ́, ẹnu mi ló ti jáde."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo fura, Mà. Ọ̀rọ̀ kíki ìrù bọ ẹnu yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé."

Ó gbà kí ọmọ náà tún ìdánwò náà ṣe. Mo ra òkété lọ́wọ́ ọdẹ, a jókòó tì í. Ọmọ náà ya ẹnu òkété náà, ó rí àgbọ̀n òkè àti ti ìsàlẹ̀, ó rí irun, ó rí ọmú, ó rí èékánná tó fi ń gbẹ́ ihò. Ó ní ẹja yẹn kò ní ìkankan nínú wọn, àmọ́ bó bá wà ní kékeré, inú ẹrẹ̀ lòun náà máa ń sá pa mọ́ sí. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, ó yege.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà lónìí. Tíṣà yẹn ì bá fi mí ṣẹ̀sín lójú ọmọ tó gbà mí gbọ́, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́ rẹ̀ ò tán lẹ́nu mi. Ọmọ náà ṣì máa ń bi mí ní nǹkan. Èyí tí mo bá mọ̀, mo máa ń sọ. Èyí tí n kò mọ̀, mo ń sọ fún un pé n kò mọ̀.