Wàláà Tí Bàbá Kò Fẹ́ Fọ̀

Bí ẹ bá ń wá ilé Álúfà Súbérù ní Zongo, ní Parakou níbí, ohùn àwọn ọmọ kéwú lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí ilẹ̀kùn. Bàbá mi nìyẹn. Ọdún kejìlélógójì rèé tó ti ń fi wàláà kọ́ ọmọ. Ọmọ á kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí pátákó yẹn, á máa kà á títí tí á fi mọ̀ ọ́n lórí, ìgbà yẹn ni Bàbá á tó ní kó lọ fi omi fọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́. Òfin ilé wa nìyẹn, ẹkún kan ò sì lè yí i padà. Èmi náà ti sun tèmi.

Èmi Fàrídà, olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ kan ní Titirou. Nígbà tí wọ́n fún wa ní tábílẹ́ẹ̀tì tí a ó máa fi kọ́ ọmọ, mo gbé tèmi wálé láti wá fi yangàn. Bàbá wò ó, ó yọ ṣùtì.

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Tábílẹ́ẹ̀tì ni, Bàbá. Wàláà òyìnbó."

"Wàláà kẹ̀? Ṣé ó ṣeé fọ̀ ni?"

"Kì í ṣe fífọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ sí i, ibẹ̀ ló máa wà."

"Ẹ ò rí nǹkan! Tó bá ti ń bá ọmọ gbé e pa mọ́, kí lọmọ á wá fi sórí?"

Ó bí mi nínú, nítorí mi ò rí èsì fọ̀.

Ohun tó tún wá ń dùn mí ni pé ojú Bàbá ti ń ṣú. Kùránì ò ni í lára, orí rẹ̀ ló wà. Ìwé wákà tí bàbá tirẹ̀, tó ti Ìlọrin wá sí Parakou, fi ọwọ́ kọ ni kò lè kà mọ́. Yorùbá ni wákà náà, lẹ́tà kéwú wínníwínní ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì sẹ́lòmíràn nílé wa tó mọ ọwọ́ yẹn kà. Bàbá kò kọ́ ọ sórí nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Ó ní ìwé ò kúkú ní sá lọ.

Nígbà tó yá, èsì dé sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Bàbá, ìwé ti bá ẹ̀yin náà gbé e pa mọ́."

Mo mú ìwé náà, mo ya fótò rẹ̀ lójúewé lójúewé, mo fi ìka méjì fẹ àkọ́kọ́ níwájú rẹ̀ títí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fi tó àtàǹpàkò.

Ètè Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ṣe bó ti máa ń ṣe sí wàláà ọmọ tó bá kàwé dáadáa, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú tábílẹ́ẹ̀tì. Ni ojúewé bá yọ̀ lọ.

"Ásítágìfírúlà! Fàrídà! Mo ti fọ ìwé bàbá mi!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo fi ìka kan fà á padà. Bàbá wò mí, ó tún un nù, ó ní kí n tún fà á wá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la ṣe é.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé la fi ń ka ojúewé kan. Tó bá ti mọ̀ ọ́n lórí, á ní, "Fàrídà, fọ̀ ọ́," èmi náà á sì pa fótò yẹn rẹ́. Òfin lòfin. A fọ mọ́kàndínlógún.

Ó wá ku ẹyọ kan, èyí tó kẹ́yìn nínú ogún. Ìlà dúdú kan wà létí rẹ̀ tí Bàbá ti rò láti kékeré pé tàdáwà ló ta sí i. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú. Ọ̀rọ̀ ni, Bàbá sì kà á síta: "Súbérù ọmọ mi ni mo kọ eléyìí fún. Kó máa fi gbọ́ ohùn mi." Bàbá ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ò mọ èyí tí mò ń ṣe.

Ó ti póṣù mẹ́ta báyìí. Bí Sátidé bá ti dé, n ó bi í pé, "Bàbá, ṣé ká fọ̀ ọ́?"

"Rárá o. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n."

Irọ́ gbuu! Tó bá ń ṣe àlùwàlá láàárọ̀, láti yàrá mi ni mo ti ń gbọ́ ọ bó ti ń kà á lóhùn òkè, láìṣi ẹyọ kan, títí dórí orúkọ ara rẹ̀.