Ayálégbé Ẹ̀gbẹ́ Ṣọ́ọ̀bù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin, ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, ni Ìyá Atẹ̀wé kọ́kọ́ fi ojú kan ọkùnrin náà. Aago ara ògiri tí ó hàn láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ni ó fi mọ wákàtí náà dájú. Láti ọdún mọ́kànlá tí ó ti ń tẹ ìwé, tí ó sì ń ṣe fọ́tòkópì fún àwọn ará àdúgbò, agogo mẹ́jọ géérégé ni ó máa ń ṣí ìlẹ̀kùn. Ní ọjọ́ yìí, ìṣẹ́jú méjì ni ó fi dúró wo ẹni tí ó sùn dí ẹnu ọ̀nà.

Ọkùnrin náà nà gbalaja lórí páálí. Irun orí rẹ̀ funfun, ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, inú etí rẹ̀ pàápàá funfun, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú arúgbó. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ orí, wọ́n kọ imú sí ògiri, àfi bí ẹni pé orí ibùsùn ni ó wà.

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti Ìyá Atẹ̀wé ti yọ síta, ike omi ní ọwọ́ kan, ẹ̀rín ní ẹnu.

"Wèrè ni, mà. Ẹ ò rí i bó ṣe fi eérú para? Omi ni oògùn rẹ̀."

Ìyá Atẹ̀wé kì í ṣe òǹrorò ènìyàn. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan ń bọ̀ wá gba ìwé ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀, ìwé náà kò sì tíì jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó gba ike omi náà, ó sì da ìdajì rẹ̀ sí ọkùnrin náà ní àyà.

Ọkùnrin náà dìde jókòó. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì pariwo.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ má bínú, oorun ló gbé mi lọ."

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ká páálí, ó sì yọ àkísà kan láti inú àpò. Ó wá kúnlẹ̀, ó nu omi tí wọ́n dà sí i lára kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi gbẹ. Ìgbà náà ni ó tó lọ. Bí ó ti ń kọjá, òórùn kan jáde láti ara aṣọ tútù náà, òórùn búrẹ́dì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò.

"Wèrè wo ló ń ta sánsán bí búrẹ́dì?" ni Ìyá Atẹ̀wé béèrè.

"Wèrè tó jí búrẹ́dì jẹ," ni onígbàjámọ̀ dáhùn. "Ẹ ti da omi síwájú báyìí, mà. Ilẹ̀ tútù lẹ máa tẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò pa á lẹ́rìn-ín. Ní odidi ọjọ́ náà, ìka rẹ̀ tí kì í ṣì tẹ̀ ń ṣì tẹ̀.

Ọkùnrin náà kò padà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Abẹ́ òrùlé ilé ìtajà kan tí wọ́n ti tì pa ní òdìkejì títì ni ó ń sùn láàárọ̀, Ìyá Atẹ̀wé sì ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó wo àwọn tí ń kọjá pẹ̀lú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọdá kí wọ́n má baà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọkùnrin kan tí ó gbé ìwé mímọ́ sí abíyá dúró lé e lórí, ó pàṣẹ fún ẹ̀mí ọ̀lẹ pé kí ó jáde. Ẹ̀mí náà kò jáde, oorun ni ó túbọ̀ wọlé. Àwọn tí ó pọ̀ jù ni àwọn tí kò rí i rárá, tí wọ́n mọ bí a ṣe ń wo ènìyàn bí ẹni ń wo ọ̀wọ́n iná. Ní Ọjọ́bọ̀, obìnrin kan tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ gbé odidi búrẹ́dì kan sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ó sì yára kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí ó jalè.

Nígbà tí ọkùnrin náà jí, tí ó ń yí búrẹ́dì náà wò síwá sẹ́yìn, Ìyá Atẹ̀wé sọdá lọ bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú nítorí omi ọjọ́sí."

"Omi ni, mà, kì í ṣe òkúta." Ó gbé búrẹ́dì náà sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, èmi ni mo pò ó lóru àná. Mo rán an jáde láàárọ̀, ó tún ti wá mi rí."

Báyìí ni ó ṣe gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ilé búrẹ́dì tí ó wà lẹ́yìn òpópónà ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, láti agogo méje ìrọ̀lẹ́ títí di agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Bí búrẹ́dì bá ti jáde tán, ọ̀gá a ti ìlẹ̀kùn pa, nítorí pé olè kan ti gbé àpò fúláwà lọ rí. Ilé tí òun àti ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ gbé fún ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n wó nígbà tí wọ́n ń fẹ títì. Bàbá tí ó ni ilé náà bá ọmọ rẹ̀ lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìyàwó àti ọmọ wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó ní ìlú mìíràn. Ọmọ náà, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti yege ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin ní ìlú yìí. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ni wọn yóò wọlé. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní ibùgbé fún akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ tí wọn kò bá sì rí ní ọjọ́ náà, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò gba àyè rẹ̀.

"Owó iyàrá kan wà nílẹ̀, mà," ni ọkùnrin náà wí. "Iyàrá ni mi ò rí."

Láàárín ṣọ́ọ̀bù Ìyá Atẹ̀wé àti ògiri ilé kejì, àlàfo tóóró kan wà tí páànù bò lórí, tí ó ń kó àwọn páálí bébà òfìfo sí. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, ogúnjọ́ oṣù kẹrin, ó kó páálí kúrò, ó sì fún ọkùnrin náà ní àyè láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ sí agogo kan ọ̀sán. Ọkùnrin náà a gbálẹ̀ kí ó tó sùn, a tún gbálẹ̀ bí ó bá jí.

"Ìyá Atẹ̀wé ti di onílé o!" ni onígbàjámọ̀ ké jáde. "Onílé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún èmi náà ní pálọ̀ kan àti yàrá méjì!"

"Lọ fá irun tí o ń fá, kí o má baà gé etí olétí."

Ṣùgbọ́n kí oṣù karùn-ún tó parí, onígbàjámọ̀ yìí kan náà ni ó ń lé àwọn tí ó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ta ọkùnrin náà jí. "Ẹ kọjá jẹ́ẹ́! Òṣìṣẹ́ ló ń sùn yẹn. Búrẹ́dì tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀, ta lẹ rò pé ó ṣe é?"

Ọ̀sán ni ọkùnrin náà fi ń wá ilé. Ilé kìn-ín-ní, wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù. Ilé kejì, fọ́ọ̀mù kan náà. Kò sí onílé kan ní gbogbo àdúgbò tí kì í lò ó, nítorí pé ọ̀dọ̀ Ìyá Atẹ̀wé ni gbogbo wọn ti ń rà á. Ìbéèrè méje ni ó wà nínú rẹ̀. Ìkarùn-ún nìyí: *Orúkọ àti àdírẹ́sì onílé tí ẹ gbé ilé rẹ̀ kẹ́yìn, àti ìdí tí ẹ fi kúrò.* Ibẹ̀ ni ó ti ń wó lulẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá kọ ọ́ pé wọ́n ti wó ilé náà, wọn a bi í pé láti ìgbà náà ńkọ́? Bí ó bá sọ ibi tí ó ń sùn, wọn a ká fọ́ọ̀mù náà, wọn a dá a padà.

"Bàbá tàná ní, ẹni tí kò nílé, báwo lòun ṣe máa fún un nílé," ni ó ròyìn lẹ́yìn ilé kẹfà. "Mo ní, 'Bàbá, ṣé ẹni tó nílé lẹ fẹ́ fún ni?' Ló bá tìlẹ̀kùn."

Onígbàjámọ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kọ orúkọ èyíkéyìí. Ìyá Atẹ̀wé pàápàá, tí ojú ti ń kán, ní òun lè tẹ ìwé ẹ̀rí onílé kan fún un, pẹ̀lú òǹtẹ̀.

Ọkùnrin náà mi orí. "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, mà. Tí ogún ọdún bá pé, ọmọ mi á ti di abiyamọ. Mi ò fẹ́ kí òtítọ́ wá ká a mọ́lé ọkọ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ó tún jáde lọ wá ilé, Ìyá Atẹ̀wé sì rí i pé kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, Ìyá Atẹ̀wé ṣí fọ́ọ̀mù náà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì kà á bí ẹni tí kò rí i rí. Ó rántí ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè mẹ́fà ni onílé tí ó rán an níṣẹ́ kọ sínú bébà. Ìsàlẹ̀ ìwé ṣófo díẹ̀, kò dùn ún wò, ni òun fúnra rẹ̀ bá ronú kan ìbéèrè kan sí i kí ojú ìwé lè kún. Ìkarùn-ún ni. Ó kì í bọ àárín àwọn yòókù, ẹnikẹ́ni kò sì rán an.

Ó gbé ìka lé e láti pa á rẹ́. Ó tún dá ọwọ́ dúró. Fọ́ọ̀mù ti wà nínú àpótí gbogbo onílé. Èyí tí ó bá pa rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kò ní parẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí ó kù ni kí ẹnìkan dáhùn ìbéèrè náà. Ó tẹ fọ́ọ̀mù kan jáde, ó mú kálàmù, ó sì kọ èsì sí ìkarùn-ún pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà.

Agogo méjìlá ọ̀sán ni ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mọ́kànlá. Ó wọ inú àlàfo náà lọ. Ìgbà kejì nìyí tí yóò jí ọkùnrin náà lójú oorun. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ni ó fi kàn án ní èjìká.

"Ẹ dìde, ẹ bọ́jú. À ń lọ."

Ọkùnrin náà dáhùn àwọn ìbéèrè yòókù kí ó tó ku ìkeje nìkan, ilé Màmá Agbẹ̀bí sì ni wọ́n lọ. Ìyá arúgbó náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, iyàrá kan sì ṣófo lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ọkùnrin náà kò tíì dé ibẹ̀ rí, nítorí pé gbogbo àdúgbò ní kò sí onílé tí ó le tó o: ó ti lé ayálégbé kan jáde rí nítorí pé ó ń fi ẹsẹ̀ ti ìlẹ̀kùn. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà fọ́ọ̀mù náà títí ó fi dé ìkarùn-ún. Ìka náà dúró.

"Ìwọ Atẹ̀wé, orúkọ rẹ ni mo rí níbí. Ìgbà wo lo kọ́lé?"

"Mi ò kọ́lé, Màmá. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló gbé. Ẹsẹ̀ bàtà méje ní gígùn, mẹ́ta ní ìbú. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mọ́kàndínlógún."

"Ìta gbangba nìyẹn."

"Ìta ni, Màmá. Mi ò pè é ní nǹkan mìíràn."

Ìyá àgbà náà wo ọkùnrin náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì yí padà sí Ìyá Atẹ̀wé. "Ṣé kì í pariwo?"

"Ó máa ń hanrun. Àwọn oníbàárà mi rò pé ẹ̀rọ fọ́tòkópì ló fẹ́ bàjẹ́."

"Ìmọ́tótó ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, omi ni mo dà sí i lára. Ó nu ilẹ̀ gbẹ kó tó lọ. Ojú ṣì ń tì mí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí."

"Kí ló dé tó fi ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ?"

"Ọmọbìnrin rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ibi téèyàn ń gbé ọmọ sí."

"Ta ló tiẹ̀ fi ìbéèrè yìí sínú fọ́ọ̀mù?"

"Èmi ni, Màmá. Àyè ló ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ bébà."

Màmá Agbẹ̀bí bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó pẹ́ lẹ́nu nínù ún. "Ogójì ọdún ni mo fi gbẹ̀bí," ni ó wí níkẹyìn. "Mi ò bi ọmọ kankan rí pé níbo ló ń gbé tẹ́lẹ̀ kí n tó gbà á." Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, nígbà tí ó sì jáde, kọ́kọ́rọ́ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e lé orí fọ́ọ̀mù náà. "Ó ku ìkeje. Ẹ dáhùn rẹ̀ kí n tó yí ọkàn padà."

Ìkeje ni ìlérí ayálégbé. Ọkùnrin náà na kálàmù sí Ìyá Atẹ̀wé, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun kọ ọ́. Bí ó ti sọ ọ́ ni Ìyá Atẹ̀wé ṣe kọ ọ́:

"Mo ṣèlérí pé màá máa gbá iwájú ilé láràárọ̀ tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, kí n tó sùn. Màá máa gbọn fúláwà ara mi dànù níta kí n tó wọlé. Tí mo bá ń hanrun, kí Màmá kan ìlẹ̀kùn, màá yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ọmọ mi kì í pariwo, ìwé ló máa ń kà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá lọ pàdé rẹ̀ níbùdókọ̀. Ó máa bi mí pé, 'Bàbá mi, níbo là ń lọ?' Ó bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wó ilé, mi ò sì rí nǹkan sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti mọ ohun tí màá sọ fún un."